Ìdí Tí Ẹ̀ga Fi Ń Tú Ilé Tó Ti Hun Tán

Nígbà láéláé, ẹyẹ tó bá ti kọ́ ilé rẹ̀ tán ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Bí ilé kò bá ti jò, tí kò sì já bọ́, gbogbo ẹyẹ gbà pé ó ti tó.

Ẹ̀ga náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó fa ewé ọ̀pẹ ya tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ọjọ́ mẹ́ta hun ilé kan sí ṣóńṣó imọ̀ ọ̀pẹ, ó sì ṣí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó wá pe Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, tó ti fẹ́ yé ẹyin.

Àwẹ̀ró wọlé. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó jáde.

"Ó dára," ni ó wí.

"Kó ẹrù rẹ wọlé nígbà náà."

"Rárá, baálé mi. Mi ò lè gbé ibẹ̀."

"Kí ló ṣe é?"

"Èmi gan-an ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí rú Ẹ̀ga lójú. Ilé dára, kò sì ṣeé gbé? Ó lọ já òdòdó pupa wá, ó fi há ẹnu ọ̀nà. Àwẹ̀ró wò ó. "Ó lẹ́wà o," ni ó wí. Kò wọlé.

Ẹ̀ga fò lọ pe àgbà Àdàbà lórí igi ìyeyè.

"Ìyá Àdàbà, ẹ bá mi wo ilé mi. Kí ló kù tí mi ò ṣe?"

Àdàbà wò ó títí. "Èmi, igi mẹ́wàá péré ni mo tò síra wọn. Ọmọ mẹ́rin ló ti ibẹ̀ fò lọ. Ìwọ hun tìrẹ bí ẹni ń hun aṣọ, o tún ń bèèrè? Àbí ọmọ ọba lo fẹ́ ni?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń gun ọ̀pẹ kọjá dá sí i. Ó ge ògiri ilé náà jẹ, ó tutọ́ dànù. "Eyín mi ò ràn án. Ilé tí eyín mi ò ràn, kí lo tún ń wá?"

Gbogbo wọn ní ó dára. Àwẹ̀ró pàápàá ní ó dára. Ẹ̀ga ò wá mọ ẹni tí òun ì bá bá jà.

"Àwẹ̀ró, ẹyin ò ní dúró dè wá," ni ó wí níkẹyìn. "Wọlé, jọ̀ọ́."

Àwẹ̀ró wọlé, ó yé ẹyin kan. Kò pẹ́ tí ìjì dé. Imọ̀ ọ̀pẹ ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Ilé ò já, bẹ́ẹ̀ ni kò jò. Ṣùgbọ́n ẹyin yí gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó fọ́ sílẹ̀.

Àwẹ̀ró ò sunkún. "Òmíràn ń bọ̀ lọ́la," ni ó wí. "Níbo ni kí n yé e sí?"

 Ẹ̀ga wọ inú ilé náà, ó pa ìyẹ́ mọ́ra, ó ká jọ bí ẹyin. Afẹ́fẹ́ ṣì ń jà. Ó yí lu ògiri, ó yí padà, ó ré bọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó tún wọlé. Ó tún ré bọ́. Láti ìgbà tó ti ń hun ilé yìí, ìta ló ti ń wò ó. Kò tíì gbé inú rẹ̀ rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Ẹ gbà mí o!" ni Àdàbà pariwo. "Ẹ̀ga ti ya wèrè! Ó ń tú ilé tó dára!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti hun òmíràn. Ó dojú ẹnu ọ̀nà kọ ilẹ̀, ó sì hun ìdènà kékeré kan sáàárín ẹnu ọ̀nà àti ibi tí ẹyin yóò wà.

Lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró wọlé. Ẹ̀ga dúró kó jáde wá sọ pé ó dára. Kò jáde. Ìjì dé, ìjì lọ, ohunkóhun ò jábọ́. Ẹ̀ga yọjú sínú ilé.

"Àwẹ̀ró, ṣé ó dára?"

"Kí ni?"

"Ilé ńkọ́!"

"Ilé wo? Ẹyin ni mò ń rò."

Ẹ̀ga ò mọ̀ bóyá ìyìn nìyẹn tàbí èébú.

Láti ọjọ́ náà ni akọ ẹ̀ga ti ń tú ilé tó bá hun tí ìyàwó rẹ̀ bá wọ inú rẹ̀ tó sì jáde, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Láti ọjọ́ náà sì ni ariwo wọn kò ti dá lórí ọ̀pẹ. Gbogbo ọkọ ló ń bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà nípa ilé tí ìyàwó kọ̀ àti èyí tó gbà pé: "Kí ló yàtọ̀? Kí ló yàtọ̀?" Àwọn ìyàwó tó lè sọ fún wọn ti wà nínú ilé, wọn ò sì gbọ́ ìbéèrè náà.