Ìbọn Tí Kò Mọ Ibi Tí Ọta Rẹ̀ Ń Lọ

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó lórí àpótí, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi etí kan gbọ́ tèmi, tí ẹ ń fi èkejì gbọ́ ọbẹ̀ lórí iná, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ìdí-Ahùn, ìlú tí òkúta pọ̀ ju ewúrẹ́ lọ, èmi tí mo ti bá ẹfọ̀n jìjàkadì, tí mo sì ti bá iwin olórí méjì jẹun, tí orí kan ń bú èkejì nítorí ẹran. Ẹ fara balẹ̀ o, ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo bá wá.

Nígbà tí mo ń fẹ́ Ìbídùn, ìyàwó mi tí ẹ mọ̀ yìí, ìyá rẹ̀ ti di opó, àwọn ìmàdò sì ń jẹ iṣu oko rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ló kọ ebè. Ìyá náà ní, "Ọdẹ́jìnmí, ẹni tí kò bá lè lé ẹran igbó kúrò lóko mi, báwo ni yóò ṣe lé ebi kúrò lọ́dọ̀ ọmọ mi?"

Ìdí ìbọn tèmi ti là, ó wà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ni ìyá bá gbé ṣakabùlà olóògbé ọkọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lára ògiri. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbọn náà ń dán! Ojoojúmọ́ ni opó yìí ń fi àdín pa á lára bí ọmọ tuntun. Ta ni yóò yọjú wo inú ìbọn bàbá ìyàwó lójú ìyá ìyàwó? Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbà á, mo kọrí sóko.

Mo bá baba ìmàdò láàrin ebè, eyín rẹ̀ wọ́ kọrọdọ, ó ń jẹ iṣu pẹ̀lú sùúrù bí àlejò tí a ránṣẹ́ pè. Mo ro ẹ̀tù, mo ki ọta, mo wo agbárí rẹ̀, mo yìn ín: gbòlà! Ọta fi ìmàdò sílẹ̀, ó lọ já ìbẹ́pẹ lulẹ̀ lápá òsì.

Ìmàdò gbójú sókè, ó ní, "Ọdẹ, o kú iṣẹ́. Ṣé ìbẹ́pẹ ló ṣẹ̀ ọ́?"

Mo tún un ki, mo fojú sí apá ọ̀tún díẹ̀ kí n lè fi tún àṣìṣe àkọ́kọ́ ṣe. Àfi bí ọta ṣe gba ọ̀tún lọ pátápátá, tó wọ inú ilé agbọ́n. Agbọ́n kò mọ ọdẹ, kò mọ ẹran! Èmi sá, ìmàdò sá, odò kan náà la jọ kó sí, mo gbé ìbọn àti àdó ẹ̀tù lérí, imú àwa méjèèjì yọ lókè omi bí ti ọmọ ìyá kan náà.

Ìmàdò ní, "Gbé ẹnu ìbọn yẹn kọjú sí oòrùn, kí o wo inú rẹ̀."

Mo wò ó. Ojú làrí, ọ̀rẹ́ ò dénú! Inú irin náà ti dógùn-ún, ó rí kòtò-kòtò bí ojú ẹni tí ilẹ̀gbóná bá jà.

Ẹran náà ní, "Ṣé o rí i? Èérí ẹ̀tù ń sá pamọ́ sínú àwọn kòtò yẹn. Bí ọta bá ń bọ̀, á kọsẹ̀ nínú ọ̀kan, á forí sọ òmíràn, á wá jáde bí ọ̀mùtí tó ń ti ìdí ẹmu bọ̀. Bó ti lọ lẹ́ẹ̀kan kọ́ ni yóò lọ lẹ́ẹ̀kejì, o ò lè fojú bá a wí. Nítorí náà, ibi tí o bá fojú sí gan-an ni n ó dúró sí. Ibẹ̀ ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù lóko yìí."

Ojú tì mí, inú sì bí mi, nítorí mo ti ń wo Ìbídùn lọ́kàn mi bó ṣe ń bá ọkùnrin mìíràn relé. Nígbà tí agbọ́n lọ, a jáde. Ìmàdò lọ dúró gangan lórí ebè, ó tilẹ̀ ń jẹ iṣu lọ. Mo tún ìbọn ki, mo yìn ín. Ọta yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó fò kọjá ọ̀gán, ó lọ gé ìrù ìyàwó ìmàdò tó sùn réré lábẹ́ igi, tó ń fún ọmọ lọ́mú, féú!

Ìyàwó figbe ta: "Baálé mi, dìde ká lọ! Ìbọn tó ń lọ tààrà, ẹran mọ ọ̀nà tí yóò gbà sá fún un. Èyí tí ọdẹ alára kò mọ ibi tí ọta rẹ̀ ń lọ, ibo la ó sá sí?"

Ọkọ rẹ̀ ronú díẹ̀, ó kó ọmọ, ó kó aya. Ó ní, "Ọdẹ, ó dàbọ̀. Jọ̀ọ́, má tún un yìn." Wọ́n rékọjá òkè, wọn kò sì padà wá mọ́. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Mo ṣa ìrù náà nílẹ̀. Nígbà tí mo délé, Ìyá Ìbídùn wo ìrù tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo ìbọn, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Mo ti ń sọ fún gbogbo ayé. Ìbọn ọkọ mi kì í tàsé."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá," mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nítorí ẹni tó ń tọrọ ọmọ kì í bá ìyá ọmọ jiyàn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èérí ẹ̀tù tó ń mú irin dógùn-ún, omi gbígbóná lè fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kòtò tí ìdógùn-ún bá ti gbẹ́ sínú irin, omi kankan kò lè dí i. Ọjọ́ tí ẹ bá yìnbọn ni kí ẹ fọ inú rẹ̀, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó fi àdín pa ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe ìwà yín. Ẹnu mi ti gbẹ, oòrùn ti ń wọ̀, ọ̀nà ilé kò ní jìn sí ẹsẹ̀ yín o. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́.