Àkèré Àfínjú àti Omi Iyọ̀

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Ẹ sún mọ́ iná dáadáa. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé igi, kò bà lé òrùlé. Ó bà lé Àkèré àti ìyàwó rẹ̀, ó bà lé Ẹyẹ Òkun, Ìjàpá Òkun àti Ẹja.

Ní ọdún kan, òjò kò rọ̀. Adágún tí Àkèré ń gbé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Lónìí ó dín, lọ́la ó dín, ó wá kù bí omi inú àwo ìfọwọ́. Ẹyin sì kún inú ìyàwó Àkèré. Bí kò bá rí omi yé e sí, àwọn ọmọ yóò gbẹ mọ́ ọn nínú.

Ìyàwó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ wá omi fún wa."

Àkèré ní, "Òkun ńkọ́? Òkun kì í gbẹ. Ibẹ̀ ni à ń lọ."

Àfínjú ni Àkèré. Ara rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Ó máa ń ṣe fáàrí pé òun kì í fẹnu mu omi bí àwọn ará oko, pé awọ òun ló ń bá òun mu ún.

Wọ́n fò, wọ́n fò, wọ́n dé etí òkun. Wọ́n bá Ẹyẹ Òkun. Omi iyọ̀ ń kán tó, tó, tó ní imú rẹ̀.

Ẹyẹ ní, "Ẹ káàbọ̀. Níhìn-ín, àlejò kì í ṣàdédé bẹ́ wọ omi. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ ó fi jókòó sétí omi, tí ẹ ó máa tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀, títí iyọ̀ yóò fi rí ọ̀nà jáde lára yín. Tèmi ń gba imú jáde."

Àkèré wò ó. "Ìyá, ṣé kò sẹ́ni tó lè bá yín nu imú ni? Èmi tí mo fẹ́ di bàbá, kí n máa da ikun kiri bí ọmọ ọwọ́?"

Wọ́n rìn síwájú, wọ́n bá Ìjàpá Òkun. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀.

Àkèré ní, "Bàbá, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Iyọ̀ ni mò ń fi ojú tú jáde."

"Ẹ ń sunkún òfo nìyẹn. Kí àwọn ènìyàn máa rí mi báyìí, kí wọ́n sọ pé ìyàwó mi ló lù mí?"

Wọ́n bá Ẹja. Ẹja ní, "Èmi ń mu omi láti àárọ̀ dalẹ́, mo ń ti iyọ̀ jáde ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn."

Àkèré ní, "Àbájọ tí ẹnu rẹ kì í pa dé, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ."

Ìyàwó rẹ̀ dá a dúró. Ó kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Ọjọ́ mẹ́ta kò pọ̀.
Jókòó jẹ́jẹ́.
Ikun imú kì í pa ni.
Jókòó jẹ́jẹ́.
Iyọ̀ òkun ń pa ni.
Jókòó jẹ́jẹ́.

Àkèré kò jókòó. Ó bẹ́ sínú òkun, gbìm.

Awọ tó fi ń ṣe fáàrí ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àmọ́ òkun kò fún un lómi. Òkun ló ń mu ún. Omi ara rẹ̀ ń jáde, iyọ̀ ń wọlé. Ó hunjọ bí ìgbín tí wọ́n da iyọ̀ sí. Dídán tán.

Ó ké, "Ìyá mi Ẹyẹ, imú náà dára. Bàbá Ìjàpá, ojú náà dára. Ibi yòówù kó gbà jáde, mo gbà."

Ẹyẹ fẹnu gbé e, ó jù ú sínú ẹrẹ̀ odò gbígbẹ kan lẹ́yìn ìyanrìn. Ó ní, "Èyí tí o kò fẹ́ kó kán ní imú nìkan ti gba gbogbo ara jáde."

Ìyàwó tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Ó fẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ẹrẹ̀ náà jìn. Ó ní, "Àfínjú, ẹ wọlé." Àkèré wọlé. Ẹrẹ̀ bò ó dé imú. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí òjò fi rọ̀, tí ìyàwó rí omi tuntun yé ẹyin rẹ̀ sí.

Láti ọjọ́ náà ni Àkèré kì í ti í gbé inú òkun. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, inú ẹrẹ̀ ni yóò sá wọ̀, òun tó sá fún ikun imú. Ẹyẹ Òkun ń fò kiri ní tirẹ̀, imú rẹ̀ ń kán, kò tijú ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run tó dá imú náà mọ ohun tí òun ń fi í ṣe.

Ibi tí àlọ́ mi wọlẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí iyọ̀ tán nínú ọbẹ̀ mi lọ́la.