Búlúù Nínú Páìpù Onílé

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi kọ̀, kò lọ nínú síǹkì Alàgbà Ọ̀ṣínúbi, onílé. Ó wọ́ mátírẹ́ẹ̀sì Ìbídùn, ayálégbé ẹ̀, síta: "Ìdọ̀tí balùwẹ̀ ẹ ló dí páìpù tá a jọ ń lò lábẹ́ ilẹ̀. Kó jáde lónìí, àfi tó o bá fi inú páìpù hàn mí láì gbẹ́ ilẹ̀ mi!" Ìbídùn ní, "Ẹ dúró ti gọ́tà tí páìpù náà ń tú sí, bàbá." Ó po búlúù ìfọṣọ mọ́ omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó dà á sí balùwẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ilé tẹjú mọ́ gọ́tà, nǹkan kan ò yọ. Onílé ní, "Ẹ ò rí i bí?" Kó tó pa ẹnu dé, omi búlúù ya wọ gọ́tà ṣàà. Ìbídùn ní, "Èyí tá a jọ ń lò kò dí. Ó ku ti síǹkì yín." Ó ti wáyà tó tẹ̀ lẹ́nu bọ síǹkì náà, ó fà á, ìyẹ́ adìyẹ ẹ̀kúnwọ́ kan ló bá a jáde. Ìyàwó onílé pariwo: "Dádì, mo ní kẹ́ ẹ má tu adìyẹ nínú síǹkì mọ́!" Asẹ́ ti wà lẹ́nu síǹkì wọn báyìí, Ìbídùn sì wà nínú yàrá rẹ̀.