Sípíríǹgì Tó Sọnù Lọ́jọ́ Tí Baálẹ̀ Kọjá

Ní ìlú Òkè-Ìlápò, kò sí ẹni tí kò mọ alùpùpù Bàbá Láògún. Wolé-wolé ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, alùpùpù yìí ló sì fi ń kiri yẹ àmù àwọn èèyàn wò. Òun náà ló fi gbé Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, wọlé ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ó wá pinnu pé òun ni yóò tún fi gbé e lọ síbi ìdúpẹ́ ogójì ọdún ìgbéyàwó wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí òkè. Àmọ́ jíà alùpùpù kò wọlé mọ́. Bí bàbá bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Àwẹ̀ró sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Folúṣọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ máa kọ́kọ́ gbé mi gun òkè yẹn wò. Bí ó bá kọ̀, Múdà ni yóò gbé e lọ."

Múdà ni ẹni tó ń ra irin àlòkù nílùú. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá wọra, ṣùgbọ́n ó ti gbà níwájú àwọn ọmọ, kò sì lè yí ohùn padà.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ó ti alùpùpù lọ sọ́dọ̀ Sàláwù mẹkáníìkì. Ọmọlúàbí paraku ni Sàláwù. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n tirẹ̀: bó bá ń tú nǹkan, yóò tẹ́ ẹní, yóò sì máa to irin sí i bó ṣe ń yọ wọ́n, láti ọ̀tún dé òsì. Bó bá fẹ́ dá wọn padà, òsì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹní yìí ni ìwé mi, Bàbá," ló wí.

Ó tú inú jíà, ó rí irin tó wọ́, ó nà án tọ́. Orí ìkúnlẹ̀ nídìí ẹní ló wà nígbà tí Baálẹ̀ yọ lójijì. Ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́ kì í rí Baálẹ̀ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí yóò dọ̀bálẹ̀ sí. Sàláwù nà gbalaja sórí ẹní.

Baálẹ̀ wa kì í sì í tètè ní kéèyàn dìde.

"Sàláwù, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Baba."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, Baba."

"Ewúrẹ́ rẹ tó sọnù, ṣé ẹ rí i?"

"A rí i, Baba. Ó ti bímọ."

Ni Baálẹ̀ bá tún bèèrè àwọn ọmọ ewúrẹ́. Irin ń gún Sàláwù níkùn, ó sì ń dáhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Nígbà tó dìde, ìwé ti fọ́nká. Ó ṣa irin jọ, ó tò wọ́n bí orí rẹ̀ ṣe gbé e. Àlàfo kékeré kan ṣẹ́ kù láàárín wọn.

"Ṣé kò sí ohun tó sọnù?" Bàbá Láògún bèèrè.

"Kí ló máa sọnù, Bàbá? Ẹ wo ẹní." Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó ti rọra ti irin méjì súnmọ́ra, àlàfo sì parẹ́. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tó ń fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ gbé ilé wọn ró.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, bàbá gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn. Múdà ti dúró ti ọmọlanke rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè. Alùpùpù gbéra, jíà wọlé wẹ́rẹ́, inú bàbá dùn dẹ́yìn. Wọ́n dé ìdajì òkè ni jíà bá fò jáde. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo lásán, alùpùpù sì ń yí lọ sẹ́yìn. Bàbá fa bíréèkì, bíréèkì kàn ń kérora.

"Àwẹ̀ró, fi ẹsẹ̀ tilẹ̀!"

"Ẹsẹ̀ wo? Èyí tó wọ bàtà tuntun yìí?"

Wọ́n fẹ̀yìn rìn títí ìdí alùpùpù fi kan ọmọlanke. Múdà ti tẹ́ àpò sílẹ̀ dè é.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n wá gbé e fúnra mi."

Omi lé ròrò sójú bàbá. Àwẹ̀ró rí i, ó sì gbé ojú kúrò. Ìgbà náà ni Sàláwù sáré dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú!" Bó ṣe nà sílẹ̀ ni nǹkan kan yọ́ bọ́ láti inú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Sípíríǹgì tín-ín-rín ni, èyí tó ń di jíà mú kó má baà fò jáde.

Àwẹ̀ró mú un nílẹ̀. "Ìdọ̀bálẹ̀ ló gbé e lọ, ìdọ̀bálẹ̀ náà ló dá a padà. Múdà, gbé ọmọlanke rẹ kúrò. Sàláwù, tẹ́ ẹní rẹ."

Sàláwù ti tú jíà lẹ́ẹ̀kejì, irin tò lọ bẹẹrẹ, nígbà tí Baálẹ̀ tún ń bọ̀ láti ibi tó lọ. Orúnkún Sàláwù ti fẹ́ kanlẹ̀ kí Àwẹ̀ró tó ké mọ́ ọn pé, "Sàláwù! Wo abẹ́ àyà rẹ!"

Sàláwù dúró gbagidi. Ó rin ẹsẹ̀ mẹ́wàá kúrò nídìí ẹní, ó di bọ́tìnnì àpò rẹ̀, ó yẹ ilẹ̀ wò, kó tó wá nà gbalaja. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún Baálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, alùpùpù gun òkè dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró, Àwẹ̀ró sì di ọkọ rẹ̀ mú ní ìbàdí bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Ìlápò fi ń pa á lówe pé: "Ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kó kọ́kọ́ wo ohun tí àyà rẹ̀ yóò bà lé."