Ọgbẹ́ Méjì Lára Òkè Kan

Ní abúlé Ìdó-Ìrà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Fádugbà. Ilé tí yóò kọ́ fún Ayọ̀ka, ìyàwó rẹ̀, ló gbà á lọ́kàn, torí oyún inú obìnrin náà ti ń sún mọ́ àsìkò ìbí. Àfonífojì odò ni wọ́n ti fún un nílẹ̀. Òkè tó wà lókè ilẹ̀ náà ní ọgbẹ́ méjì lára. Ọ̀kan pupa, ó jìn, bí ẹni pé ẹranko ńlá bù ú jẹ. Èkejì ti hu koríko, ó sì dùn ún wò. Gbogbo abúlé gbà pé ibi pupa yẹn ni ilẹ̀ ti ya láyé àtijọ́, pé yóò tún ya. Fádugbà bẹ ọ̀wẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun kọ́ ilé sábẹ́ ibi koríko.

Àárọ̀ ọjọ́ ọ̀wẹ̀ ni ìyá Ayọ̀ka dé láti wá tọ́jú ọmọ rẹ̀. Ìdílé àwọn tó ń fọ wúrà létí odò ni wọ́n bí i sí. Fádugbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú amọ̀. Ìyá kí i tán, ó wo òkè títí, ó gun ibi pupa lọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sórí ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, ibi tí ògiri máa wà lẹ jókòó sí yẹn."

"Mo mọ̀."

"Àwọn ọlọ́wẹ̀ ń dúró."

"Kí wọ́n dúró. Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Àwọn ọ̀rẹ́ Fádugbà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kó gbé àna rẹ̀ kúrò níbẹ̀, bó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni. Fádugbà kò jẹ́ dán an wò. Ta ní í bá ìyá ìyàwó jiyàn lójú ọlọ́wẹ̀?

Ìyá ní kó jókòó ti òun. "Ọkọ ọmọ mi, wo ibi pupa yẹn. Níbo ni erùpẹ̀ tó jáde níbẹ̀ wà?"

Fádugbà wò ó. Kò sí òkìtì kankan nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Wọ́n kó o lọ sódò, wọ́n fi igbá fọ ọ́ títí omi fi gbé e lọ. Òkúta ibẹ̀ ńkọ́?"

Fádugbà tún gbójú sókè. Àwọn òkúta náà wà létí ọgbẹ́, wọ́n tò léra bí ògiri.

"Wúrà làwọn baba wa gbẹ́ níbẹ̀," ni ìyá wí. "Wọ́n to òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà já lù wọ́n. Wọ́n sì gbẹ́ ibẹ̀ kan àpáta. Kò sí ohun tí yóò ya níbẹ̀ mọ́. Wàyí, wo ibi tí a jókòó sí."

Fádugbà fi ọwọ́ ya koríko. Òkìtì ni gbogbo ilẹ̀ náà, erùpẹ̀ àti òkúta dàrú mọ́ra wọn, àwọn igi sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀mùtí. Orí ilẹ̀ tó ti ya rí gan-an ni òun fẹ́ kọ́lé sí.

Ó bẹ àwọn ọlọ́wẹ̀ pé kí wọ́n kó amọ̀ lọ sábẹ́ ibi pupa. Àwọn kan kùn pé ẹ̀rù àna ló ń bà á, ṣùgbọ́n wọ́n kó o. Inú ilé yẹn ni Ayọ̀ka bímọ sí. Nígbà tí òjò ọdún náà kún, ibi koríko ya lọ́sàn-án gangan, ó sì bo ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ilé Fádugbà kò mì.

Láti ọdún náà, ẹnikẹ́ni kì í ránṣẹ́ pe Fádugbà kó tó lọ ro oko àna rẹ̀. Àwọn ọlọ́wẹ̀ náà a sì bá a lọ, pàápàá àwọn tó kùn. Bí ẹnìkan bá ṣe nǹkan tán létòlétò, tó wá ń sọ pé ó kàn ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀ ni, wọn a rántí ìyá náà, wọn a sì rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé òkè tó ya kì í to òkúta.