Òkèlè Kan Nílé Àna

Àlejò lójú, kò fi ríran. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Bí àjèjì bá wọ ìlú, tí ó lọ jókòó síbi tí kò yẹ kí ó jókòó sí, òwe yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu, a ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó máa ń bí mi nínú. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ta ni ó kọ́kọ́ pa á, ta ni ó sì pa á fún? Ẹnu ìyá bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ, mi ò sì rí i kí ó rẹ́rìn-ín rí bí ó bá ń sọ ọ́.

Obìnrin kan wà ní ìlú Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, orúkọ rẹ̀ ni Fátóún. Ìkòkò ni ó ń mọ tà. Ọmọ mẹ́rin ni ó bí, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù fún un, ìyẹn Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró fẹ́ oníṣòwò iyọ̀ kan tí ń jẹ́ Ọdẹ́wálé, ó sì bá a lọ sí ìlú rẹ̀, Igbó-Ayò, ní òdìkejì odò, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ní ọdún kejì, ìránṣẹ́ dé pé oyún Àwẹ̀ró ti di oṣù mẹ́sàn-án, ó ní kí ìyá òun wá wà lọ́dọ̀ òun títí òun yóò fi sọ̀ kalẹ̀.

Fátóún di ẹrù lọ́jọ́ náà gan-an. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Àwọn ará Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ kò mọ Igbó-Ayò dáadáa, ìlú tí ènìyàn kò bá sì mọ̀, kò sí irọ́ tí wọn kì í pa mọ́ ọn. Wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àlejò tí ó bá wọ ibẹ̀ kì í sábà jáde. Ìyálé rẹ̀ fà á lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní, “Má gbàgbé o, àna ni ọ́. Ẹnu rẹ ò gbọdọ̀ kan oúnjẹ nílé wọn títí ọmọ á fi délẹ̀. Ìyá ìyàwó tó bá ń jẹun káàkiri nílé àna, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.” Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun létí Fátóún. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá rẹ̀ ṣe. Ó di róbó àti àádùn sínú ẹrù rẹ̀, èyí tí yóò máa jẹ ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ni ó dé Igbó-Ayò. Ìyá Ọdẹ́wálé àti àwọn ìyàwó ilé jókòó yí àwo iyán kan ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n sọ ẹrù fún un, wọ́n fún un lómi mu. Lẹ́yìn náà, ìyá Ọdẹ́wálé na ọwọ́ sí àwo, ó ní, “Ẹ bá wa ire o, ìyá wa.”

Nílé tiwa, ta ni kò mọ ìdáhùn? Ẹni tí ń jẹun gbọ́dọ̀ pe ẹni tí ó bá a lórí oúnjẹ, ẹni tí wọ́n pè kò sì gbọdọ̀ fò mọ́ àwo bí ẹni tí kò jẹun láti ìjẹta. Fátóún kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Á gba ibi ire,” ni ó wí.

Àwọn obìnrin náà wo ojú ara wọn. Ó béèrè Àwẹ̀ró. Wọ́n ní ó wà nínú ìyẹ̀wù, pé ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sí oko gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, kò sì ní í wálé títí ìyàwó yóò fi bímọ.

“Ṣé mo lè yọjú sí i?”

“Ẹ jẹun ná,” ni ìyá Ọdẹ́wálé fèsì.

“Ẹ ṣeun. Mo ti yó.”

Wọ́n mú un lọ sí yàrá kan, wọ́n tẹ́ ẹní fún un, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó jí ní kùtùkùtù, ó pọn omi kún àmù ilé gẹ́gẹ́ bí àlejò tí ó mọ ìwà hù. Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé tí ó ń da omi náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí ó sì ń fọ inú àmù. Ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin. Obìnrin náà kò bẹ̀bẹ̀, kò sì ṣàlàyé. Ó ń fọ àmù rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán, wọ́n tún pè é sídìí àwo. “Ẹ bá wa ire.” Ohùn ìyá Ọdẹ́wálé ti lọ sílẹ̀ ju ti àná lọ. Fátóún tún dáhùn pé á gba ibi ire, ó sì tún béèrè ọmọ rẹ̀. “Ẹ jẹun ná” náà ni wọ́n tún wí. Ìkíni lásán ni ó pè é. Ó wọ yàrá lọ, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń rọra jẹ róbó rẹ̀. Bí ó ti yíjú padà, ìyàwó ilé kan dúró tí ó ń wò ó. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì sáré lọ. Nígbà tí Fátóún jáde, wọ́n ti fi eérú fa ìlà gbọọrọ kan sí iwájú ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù tí Àwẹ̀ró wà, àwọn obìnrin sì ń kó àwọn ọmọ wọn kúrò lágbàlá.

Ìgbà yìí ni ẹ̀rù wá wọ inú egungun rẹ̀. Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀ ná. Ọjọ́ méjì ni ó ti wà nílé yìí, kò rí ọmọ rẹ̀, kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un nílé bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sí i létí. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bí Àwẹ̀ró bá tilẹ̀ ṣì wà láàyè. Kò sì sí ẹni tí ó lè bi, nítorí bí ó bá ti súnmọ́ ènìyàn, onítọ̀hún á rìn kúrò níbẹ̀.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kẹta ni ó gbọ́ igbe Àwẹ̀ró láti inú ìyẹ̀wù. Ó wà láàyè, ó ń rọbí. Fátóún sáré lọ síbẹ̀, obìnrin méjì sì dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti jáde sí i, wọ́n gbé àwo iyán kan dání. Kì í ṣe àsìkò oúnjẹ. Wọ́n gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó jókòó. Gbogbo wọn dúró, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ọwọ́ ìyá Ọdẹ́wálé ń gbọ̀n.

“Ẹ bá wa ire.”

Fátóún wo ọwọ́ tí ó ń gbọ̀n náà. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọwọ́ tí ó bá po májèlé ni í gbọ̀n báyìí. Ìtìjú àna ni ó fi kọ̀ ní ìgbà méjì àkọ́kọ́. Ìbẹ̀rù ikú ni ó fi kọ ẹ̀ẹ̀kẹta. “Á gba ibi ire,” ni ó wí.

Gbogbo wọn sún sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin méjì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà àti méjì mìíràn gbé ọmọ odó lé itan, wọ́n jókòó sídìí odó. Láti inú ìyẹ̀wù, Àwẹ̀ró ń ké pé, “Ìyá mi ò wá! Ẹ ní ẹ ti ránṣẹ́ sí wọn, wọn ò wá!”

“Àwẹ̀ró! Èmi rèé o! Mo ti dé!”

Kò tíì pa ẹnu dé tí àwọn obìnrin mẹ́rin náà fi gbé ọmọ odó tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún odó kíkankíkan. Kò sí iṣu nínú odó náà. Odó òfìfo ni wọ́n ń gún, kí ohùn rẹ̀ má bàa wọ inú ìyẹ̀wù. Bí ó bá ti la ẹnu, wọ́n á gún odó. Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á dáwọ́ dúró, yóò sì gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún pé òun kò wá. Ó gbìyànjú láti já wọlé, wọ́n tì í ṣubú. Oòrùn là, oòrùn mú, ilẹ̀ ni ó jókòó sí pẹ̀lú àwo iyán tí ó ti tutù níwájú rẹ̀. Igbe Àwẹ̀ró ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ìrọbí náà kò ní ìlọsíwájú, wọ́n ránṣẹ́ sí àgbà agbẹ̀bí kan tí ń gbé ní abúlé oko, Ìyá Ìdí-Ìyeyè. Àjèjì ni òun náà tẹ́lẹ̀. Ó ti pé ogójì ọdún tí wọ́n ti gbé e níyàwó wá sí ilé yìí ní Igbó-Ayò láti ọ̀nà jíjìn. Bí ó ti wọ àgbàlá, ó rí Fátóún nílẹ̀, ó rí àwo, ó rí ìlà eérú. Ó dúró.

“Ta nìyí?”

“Ìyá ìyàwó ni,” ni ìyá Ọdẹ́wálé dáhùn. “Ẹ̀ẹ̀mẹta la pè é, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀. Ó sì ń fara pamọ́ jẹ nǹkan tirẹ̀.”

Ìyá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú Fátóún. “Ọmọ mi, kí ló dé tó ò bá wọn jẹun?”

“Ta ní í jẹun nílé àna rẹ̀, ìyá?”

Ìyá Ìdí-Ìyeyè mi orí. Ó dìde, kò sì yíjú sí Fátóún mọ́. Àwọn onílé ni ó kọjú sí. “Àlejò lójú, kò fi ríran,” ni ó wí. “Ojú ẹ̀ là kalẹ̀, kò sì rí nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ríran ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta, ta nínú yín ló la ẹnu sọ fún un?”

“A rò pó mọ̀ ni,” ni ìyá Ọdẹ́wálé wí. “Ta ni ò mọ̀ ọ́n?”

“Ìyá tèmi ò mọ̀ ọ́n. Ó wá síbí nígbà tí mo fẹ́ bí àkọ́bí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní á gba ibi ire, wọ́n sì lé e padà. Inú ìyẹ̀wù yìí gan-an ni mo wà, mo rò pé kò wá ni. Mi ò rí i mọ́ títí ó fi kú.”

Àwọn tí ó gbé ọmọ odó sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá arúgbó náà wá sọ fún Fátóún ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un: ní Igbó-Ayò, ẹni tí wọ́n bá pè sídìí àwo tí kò fọwọ́ kàn án, ó ń sọ fún onílé pé òun ní wọn sínú ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pe ènìyàn. Ẹni tí ó bá kọ ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀tá ni, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọ̀tá tàbí ohùn rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń bímọ. “Bu òkèlè kan,” ni ó wí, “kó o wọlé lọ bá ọmọ ẹ.”

Ẹ ó rò pé ara tu Fátóún. Kò tù ú rárá. Kò gba ìyá arúgbó náà gbọ́. Ó rò pé wọ́n rán an wá láti fi ọ̀rọ̀ dídùn mú òun ni. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró tún ké nínú ìyẹ̀wù, igbe náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ dún mọ́. Fátóún bu òkèlè iyán tútù náà. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ májèlé ni, kí ó ṣáà jẹ́ kí òun rí ojú ọmọ òun kí ó tó ran òun. Ó gbé e mì, ó di ojú, ó ń retí ikú.

Nígbà tí ó la ojú, ìyá Ọdẹ́wálé ti kúnlẹ̀ ní òdìkejì àwo, ó ń bu òkèlè tirẹ̀, omijé ń bọ́ sínú iyán náà. “Ẹ̀rù yín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí,” ni ó wí.

“Ẹ̀rù tiyín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí,” ni Fátóún dáhùn.

Wọ́n gbá eérú kúrò, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àwẹ̀ró rí ìyá rẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ Àwẹ̀ró tutù.

“Ẹ wá lóòótọ́,” ni ó wí. “Ìgbà wo lẹ dé?”

Fátóún wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìyá Ọdẹ́wálé dúró sí, tí kò lè gbé orí sókè. “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni,” ni ó wí. “Ọ̀nà ló jìn.”

Kí oòrùn tó wọ̀, Àwẹ̀ró bí obìnrin, tìyá-tọmọ sì yè. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá wọ Igbó-Ayò, onílé á kọ́kọ́ sọ ohun tí ìpè wọn jẹ́ fún un kí wọ́n tó pè é sídìí àwo.

Ohun tí ó fà á nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Bí àjèjì bá ṣi ẹsẹ̀ gbé láàrin wa, tí inú ti ń bí onílé sí i, ìgbà náà ni wọ́n ń pa á, láti fi bẹ̀bẹ̀ fún àlejò náà. Àwa ni a sọ ọ́ di ẹ̀rín. Àlejò kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pa á fún. Onílé ni wọ́n pa á fún, nítorí pé ó ń ríran, kò sì la ẹnu.