Olóko Tó Sé Odò

Ọkùnrin kan wà tó ń gbin ẹ̀fọ́ àti tòmátì sétí odò. Nísàlẹ̀ odò náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti di opó, ti ń fọ epo pẹ̀lú àwọn obìnrin bíi mélòó kan. Omi kan náà ni wọ́n jọ ń lò, kò sì sí ìjà.

Lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Odò fà títí ó fi ku tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí ọkùnrin yìí rí i pé ewé tòmátì òun ń rọ, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó fi àpò iyanrìn sé odò, ó darí gbogbo omi sóko.

Opó náà wá kúnlẹ̀ nídìí ebè.

"Ọkọ mi, ẹ ṣàánú wa. Ẹ jẹ́ kó máa ṣàn dé ọ̀dọ̀ wa láàárọ̀ nìkan. Ẹyìn ti ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ìyàwó wa, oúnjẹ ni mò ń gbìn. Ṣé epo lásán lèèyàn ó máa jẹ ni?"

Obìnrin náà gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú àwọn àgbà abúlé. Wọ́n ní oko ló ń bọ́ ìlú, kó ní sùúrù dìgbà òjò. Bí obìnrin náà ṣe ń dìde, ọkùnrin náà rí omijé lójú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá a láre, ó bá padà sóko.

Kí òjò tó dé, opó náà ti kó ìkòkò rẹ̀ padà sílùú bàbá rẹ̀. Àwọn yòókù tú ká. Tòmátì so wọ̀ǹtìwọnti, àmọ́ àwọn oníbàárà tó máa ń wá ra epo, tí wọ́n ń tibẹ̀ ra ẹ̀fọ́ àti tòmátì dání lọ, kò wá mọ́. Tòmátì jẹrà lórí ebè. Àwọn àgbà tó dájọ́ pàápàá ń wá epo ọbẹ̀ kiri.

Ọkùnrin náà tú àpò iyanrìn kúrò, ó wá opó náà lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ọkọ mi, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ó gbé omi tútù fún un, ó sì dáná fún un. "Inú ò bí mi mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbẹ́ ẹbu tuntun síbí, inú rẹ̀ ni mo ti ń fọ epo báyìí."

Ọkùnrin náà mu omi tán. Òun nìkan ló padà sílé.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, bí omi bá dín, má yára sọ pé iṣẹ́ tìrẹ ló tóbi jù. Bù fún ẹnì kejì nígbà tó ṣì ń bẹ̀ ọ́. Bó bá ti lọ, o lè rí ìdáríjì rẹ̀ gbà, kí o má sì rí òun fúnra rẹ̀ mọ́.